Bíìtì mẹ́ta ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ẹ bá mi wo bí mo ṣe ń lo CAM

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn kọ̀wé:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Mo ní ẹ̀rọ router CNC kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí tó ń fi bíìtì gbẹ́ igi, tábìlì rẹ̀ jẹ́ 1300 mm sí 2500 mm, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Mach3 ló ń darí rẹ̀. Láti ọdún méjì ni mo ti ń ra fáìlì lọ́wọ́ ẹnì kan. Á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, màá kó o sínú flash, màá tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní kí n yí nǹkan kékeré padà, àfi kí n dúró dìgbà tí onífáìlì bá ráyè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́ CAM fúnra mi, ìyẹn ètò tó ń sọ àwòrán di ọ̀nà tí bíìtì máa tọ̀. Fusion ọ̀fẹ́ ni mo gbé sórí kọ̀ǹpútà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bíìtì mẹ́ta ti ṣẹ́, odidi pákó ọ̀gánwó kan sì ti bàjẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo ya òdòdó tó fẹ̀ tó 600 mm fún àárín ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kàn ń gbọ̀n lójú kan ṣáá. Nígbà tí mo dá a dúró, gbogbo òdòdó náà ti wà níbẹ̀, tewé tìtàkùn, lórí ibi tí kò ju ìdérí ìgò omi lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Ọ̀gánwó tó nípọn tó 25 mm ni. Mo ní kó gbẹ́ 6 mm péré. Bíìtì wọlé, kò dúró, ó la pákó já, ó wọ inú tábìlì, ó ṣẹ́. Mo tún un ṣe lórí àjákù pákó, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìrókò ni mo gbé sórí tábìlì. Ṣàdédé ni èéfín ń jáde. Ojú ibi tó gé dúdú bí ẹni tí wọ́n fi ààrò sun, nígbà tó yá bíìtì dún kà, ó ti dá sí méjì.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ náà ń rìn bí ìgbín nígbà tí bíìtì bá wà lókè tí kò gé nǹkan kan. Fáìlì tí mo ń rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. N kò fẹ́ padà sí fáìlì rírà.

Ọ̀gá_Lẹ́ẹ̀dì kọ̀wé:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tí ọ̀gánwó bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ láyé ìsinyìí, ó yẹ kí èèyàn kí i.

Iṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́ l'Ékòó kí n tó bọ́ sídìí CNC. Ohun tí o sọ fún kọ̀ǹpútà pé pákó jẹ́ àti ohun tó jẹ́ gan-an lórí tábìlì, ibi tí àwọn méjèèjì kò bá ti bára mu, ibẹ̀ ni bíìtì ti ń ṣẹ́. Jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gánwó yẹn: nínú Setup, CAM máa ń bèèrè ibi tí ojú òdo wà, ìyẹn ibi tí X, Y àti Z ti bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé òkè pákó lo fi í sí nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí o wá dé ìdí ẹ̀rọ, orí tábìlì lo ti tẹ Z òdo. Kọ̀ǹpútà ní kí bíìtì lọ sí Z-6, lójú tirẹ̀ 6 mm nísàlẹ̀ òkè pákó nìyẹn. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ lọ sí 6 mm nísàlẹ̀ tábìlì. Ro 25 mọ́ 6, 31 mm ni bíìtì rẹ rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí bí kò ṣe ní ṣẹ́.

Òdòdó kékeré yẹn: pín 600 sí 25.4, wàá rí 23.6. Ínṣì ni fáìlì rẹ jáde, ẹ̀rọ sì kà á bíi mìlímítà. Níbi tí o ti ń yan post, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń sọ iṣẹ́ rẹ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ibì kan wà tí wọ́n kọ Unit sí. Mìlímítà ni kí o yàn. Kí o tún rí i pé post Mach3 ni o yàn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ mìíràn.

Láti òní lọ, má gbé fáìlì kankan lọ sídìí ẹ̀rọ láìfi Notepad ṣí i. Ìlà mẹ́wàá òkè ti tó. Bí òkè pákó bá ni òdo Z, ohun tó yẹ kí o rí jọ èyí:

G90
G21
G54
T1
S18000 M3
G0 Z15
G0 X40 Y40
G1 Z-2 F900

G90 ni pé láti ojú òdo ni kó ti máa ka gbogbo nọ́ńbà. G21 ni mìlímítà. Bí o bá rí G20, ínṣì ni, dúró níbẹ̀. G54 ni ojú òdo tí o tẹ̀ sórí ẹ̀rọ. T1 ni nọ́ńbà bíìtì. S àti M3 ni kí spindle, ìyẹn mọ́tò tó di bíìtì mú, máa yí. G0 ni ìrìn kíákíá láìgé nǹkan kan, G1 ni ìrìn gígé, F ni ìyára rẹ̀. Wo ìlà Z: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sókè kó tó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, wá Z tó jìn jù nínú gbogbo fáìlì. Bí o bá ní 6 mm, tí o wá rí Z-31 tàbí Z-60 níbì kan, o ti gba ara rẹ lọ́wọ́ ewu.

Òfin tèmi ni pé orí tábìlì ni ojú òdo Z ń wà nígbà gbogbo, nínú CAM àti lórí ẹ̀rọ. Tábìlì kì í yí padà, pákó ló ń yí padà.

Ìyá_Alámì kọ̀wé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá wa. Mo gba ohun gbogbo tí ẹ sọ, àyàfi ti ìparí yẹn. Pátákó orúkọ àti àmì ilé ni mò ń gbẹ́ l'Ábẹ́òkúta, VCarve ni CAM tí mò ń lò. Bí mo bá fi bíìtì ẹlẹ́nu ṣónṣó kọ lẹ́tà, 0.3 mm péré lè mú kí lẹ́tà náà sanra tàbí kó rù. Bí pákó bá nípọn ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ, tí mo sì ti tẹ òdo sórí tábìlì, gbogbo lẹ́tà ni yóò jinlẹ̀ jù. Nítorí náà, òkè pákó ni mo máa ń fi òdo sí fún gbígbẹ́. Bí mo bá fẹ́ gé nǹkan já pátápátá, nígbà yẹn ni mo máa ń lo orí tábìlì, kí bíìtì má baà ba tábìlì jẹ́.

Àbúrò mi ará Ìbàdàn, èyí tó wù ọ́ ni kí o mú, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀. Tèmi máa ń jẹ́ báyìí: ile-oba_V60_Zoke, tàbí ile-oba_6mm_Ztabili. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó máa ka orúkọ yẹn tí kò ní mọ ibi tó máa tẹ òdo sí àti bíìtì tó máa fi sẹ́nu spindle.

Ohun kejì: kó o tó gé, gbẹ́ afẹ́fẹ́ ná. Tẹ Z òdo níbi tó yẹ, lẹ́yìn náà gbé e sókè ní 50 mm, kí o tẹ bọ́tìnnì, kí o máa wò ó. Bíìtì á jó gbogbo ijó rẹ̀ lókè láìkan pákó. Wàá rí i bó bá fẹ́ kọlu kílámpù, wàá rí i bó bá fẹ́ jáde kúrò lórí pákó. Kàn rí i dájú pé Z rẹ ṣì ní àyè 50 mm yẹn lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbá òkè.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáìlì náà tán, nọ́ńbà ínṣì ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí G20 tàbí G21 tó máa sọ ọ́ fún ẹ̀rọ! Orí tábìlì ni mo sì ti tẹ òdo lóòótọ́, torí bí mo ṣe ń ṣe é fún fáìlì tí mo ń rà nìyẹn.

Ó ku ti ìrókò. Bíìtì 6 mm eléyín méjì ni. Mo fi spindle sí 18000, mo fi ìrìn rẹ̀ sí 800 mm ní ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé bó bá rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní ṣẹ́.

Ọmọ_Ògún_Midlands kọ̀wé:

Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin ni mo wà n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mastercam là ń lò, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò mọ irin yàtọ̀ sí pákó.

Àbúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló jó bíìtì rẹ. Wò ó: 800 pín sí 18000, kí o tún pín in sí eyín méjì. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.022 mm. Ìyẹn ni ohun tí eyín kọ̀ọ̀kan ń bù jẹ nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Eyín bíìtì fúnra rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Kò gé pákó, ó ń ra á ni, bí ìgbà tí èèyàn ń fi igi ra igi láti dá iná.

Igi líle pẹ̀lú bíìtì 6 mm, mo máa fún eyín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 0.08 mm. Báyìí la ṣe ń ṣírò rẹ̀: iye yíyí, lọ́nà iye eyín, lọ́nà ohun tí eyín kọ̀ọ̀kan ń jẹ. 18000 × 2 × 0.08 = 2880 mm ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ rẹ kò bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, má dín ìrìn kù nìkan, dín yíyí náà kù: 14000 × 2 × 0.08 = 2240. Kí jíjìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan má ju 3 mm lọ, ìyẹn ìdajì fífẹ̀ bíìtì, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ẹ̀rọ náà.

Ohun tí mo máa fi mọ̀ bóyá ó dáa ni èérún. Bu u sí àtẹ́lẹwọ́, kí o fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá rí bí gààrí, tí o lè rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bíìtì ń gé. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, tó sì gbóná lọ́wọ́, ó ń ra ni. MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi lẹ̀ pọ̀, nìkan ni kò sí nínú èyí, torí kò sí bí o ṣe gé e tí kò ní di ìyẹ̀.

Mi ò gbàgbé ìrókò. Igi yẹn máa ń ní òkúta nínú, ohun funfun líle bí ẹfun tó máa ń dì sínú igi. Bí bíìtì bá bá a pàdé, ẹnu rẹ̀ á kú lójú ẹsẹ̀, bíìtì tó bá sì ti kú lẹ́nu kò ní í pẹ́ jó igi. Yẹ pákó náà wò dáadáa ṣáájú. Kí o sì fi nǹkan bo imú, ìyẹ̀ ìrókò ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lára, ara á máa yún wọn, imú á dí.

Olùkọ́_Ifẹ̀ kọ̀wé:

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè rírìn bí ìgbín, torí gbogbo yín ti fò ó.

Kì í ṣe ẹ̀rọ rẹ ló ń ṣe é, Fusion ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti yọ ìrìn kíákíá kúrò nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Gbogbo ibi tó yẹ kí G0 wà, G1 ló ń kọ, pẹ̀lú ìyára tí o fi ń gé. Bí o bá wo òkè fáìlì rẹ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ yìí kì í sì í kó bíìtì méjì sínú fáìlì kan, àfi kí o gbé bíìtì kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀. Fáìlì mẹ́wàá péré ló sì ń jẹ́ kó o máa ṣiṣẹ́ lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tó ń ṣòwò bíi tìrẹ: wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lórí iṣẹ́ yìí kò tó 1,000 dọ́là lọ́dún ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà fún. Ilẹ̀kùn mélòó ló máa gbé ọ kọjá iye yẹn? Nítorí náà, ronú nípa rẹ̀ báyìí kó o tó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ síbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn wà. FreeCAD, ọ̀fẹ́ ni pátápátá, fún ìṣòwò àti fún ẹ̀kọ́. Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ibẹ̀ ni wọ́n ti yí orúkọ apá ìgé rẹ̀ padà láti Path sí CAM. Ó ní post fún Mach3, àti fún LinuxCNC àti GRBL, àwọn ètò mìíràn tó ń darí ẹ̀rọ. Kò rọrùn lójú bíi Fusion, mi ò ní tàn yín, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ á sú yín. Ṣùgbọ́n kò ní béèrè kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí. Lọ́jọ́ tí dátà bá tán nílé iṣẹ́, ẹ óò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ.

Bí o bá ṣì wà lórí Fusion fún ìgbà díẹ̀, sọ ibi tí bíìtì ń gbà kọjá lókè kalẹ̀ láti 15 mm sí 4 tàbí 5 mm, bí kò bá sí kílámpù tàbí síkúrúù lójú ọ̀nà. Ìyẹn nìkan á dín àkókò kù gan-an.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn kọ̀wé:

Olùkọ́, mi ò mọ ọ̀rọ̀ 1,000 dọ́là yẹn rárá. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. FreeCAD ni màá gbájú mọ́, màá máa fi Fusion kọ́ ọwọ́ nìkan.

Mo fẹ́ gbẹ́ òdòdó tó yọ sókè, èyí tí èèyàn fọwọ́ kàn tó rí bí ewé gidi, 400 mm sí 400 mm. Kọ̀ǹpútà ní wákàtí mẹ́ta ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pẹ́ tó?

Ìyá_Alámì kọ̀wé:

Èyí ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Bíìtì olórí róbótó ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń kọ ebè. Láàárín ìlà kan sí èkejì, ó máa ń fi òkè kékeré sílẹ̀. Bí àlàfo àárín ìlà bá ti fẹ̀ tó ni òkè náà ṣe máa ga tó. Ẹ mú àlàfo náà, kí ẹ fi í lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ pín in sí ìlọ́po mẹ́jọ ìdajì fífẹ̀ bíìtì. Fún bíìtì 6 mm, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3, ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 24.

Mo fẹ́ gbàgbọ́ pé 0.3 mm ni o fi àlàfo sí. Òkè tó ṣẹ́ kù kò tó 0.004 mm. Ojú kò rí i, ìka kò mọ̀ ọ́n, sandpaper á sì gbó o dànù ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí lo wá fẹ́ fi ṣe? Ìlà 1,333 ni ẹ̀rọ ń rìn, mítà 533, bí ìrìn rẹ bá jẹ́ 3000, ìṣẹ́jú 178 nìyẹn.

Fi àlàfo sí 0.9. Òkè tó ṣẹ́ kù á di 0.034 mm, sandpaper 180 á mú un kúrò kí o tó mọ̀. Ìlà á di 444, ìṣẹ́jú 59. Fún ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kùn ní vánìṣì, mi ò lè lò ju 0.9 lọ, torí vánìṣì máa ń fi gbogbo ìlà hàn. Fún èyí tí wọ́n máa fi ọ̀dà kùn, mo ti lo 1.2, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí bíìtì róbótó yẹn wọ inú pákó tí bíìtì mìíràn kò tíì kàn. Kọ́kọ́ fi bíìtì pẹrẹsẹ tó nípọn kó èyí tó pọ̀ kúrò, kí o fi 0.5 mm sílẹ̀ fún un, kí ó wá fi ìyẹn parí iṣẹ́. Kí o jẹ́ kí ìlà náà tẹ̀lé bí iṣan igi ṣe lọ. Bó bá dábùú rẹ̀, ọ̀gánwó á máa fà ya ní etí ewé, níbi tó ti tín-ín-rín gan-an, a ò sì ní rí i lórí simulation, ìyẹn àfihàn iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí a tó gé e, torí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé igi ní iṣan.

Ìṣẹ́jú 59 tí mo wí yẹn, ìṣirò ni. Ẹ̀rọ máa ń dín ìyára kù ní gbogbo ibi tó bá ti fẹ́ yí orí padà, ewé kékeré sì kún fún yíyí orí. Dá oníbàárà lóhùn bí ẹni pé ó máa tó wákàtí kan ààbọ̀.

Alájà_Onírin kọ̀wé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Irú ẹ̀rọ yìí kan náà ni mo ní, mo sì fẹ́ fi gé alumíníọ́mù tó nípọn tó 5 mm fún àmì ilé ìjọsìn. Ó ń lẹ̀ mọ́ bíìtì bí ẹ̀kọ. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ọmọ_Ògún_Midlands kọ̀wé:

Má jáwọ́. Router ń gé alumíníọ́mù bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lo ń fún un.

Ìṣirò kan náà ni, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Alumíníọ́mù, jẹ́ ká ní ẹnu bíìtì ń sáré 200 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Fi 1000 lọ́nà rẹ̀, pín in sí 3.14 lọ́nà fífẹ̀ bíìtì. Fún 6 mm, ó jẹ́ bíi 10,600. Lo bíìtì eléyín kan, kí èérún lè rí ọ̀nà jáde. Bí eyín yẹn bá ń jẹ 0.05, ìrìn rẹ̀ jẹ́ 530 mm ní ìṣẹ́jú kan. Jíjìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 0.5 mm. Kí afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa fẹ́ ojú ibi tó ń gé láìdáwọ́ dúró. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ bíìtì rẹ yẹn, èérún tó ti jábọ́ ni bíìtì tún ń gé, ó gbóná, ó yọ́ mọ́ eyín.

Má jẹ́ kí bíìtì wọlé ní òòró. Nínú CAM, yan Ramp, kó wọlé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí Helix, kó máa yí wọlé bí ikarahun ìgbín. Ọ̀pọ̀ bíìtì kò ní ẹnu ní àárín ìdí, bí o bá fi lu irin lóòró, títẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, kò gé e.

Fusion ní ohun tí wọ́n ń pè ní Adaptive, FreeCAD náà ní in. Dípò kí gbogbo fífẹ̀ bíìtì rì sínú irin, ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ló ń jẹ nígbà gbogbo, kódà ní igun. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Bí bíìtì 6 mm bá ń jẹ 0.6 mm péré ní ẹ̀gbẹ́, èérún tó ń jáde kì í nípọn tó ohun tí o kọ. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni. O kọ 0.05, 0.03 ló ń jẹ. Ó ti tún padà sí rírà nìyẹn. Kọ 0.08, kí ó lè jẹ 0.05 lóòótọ́. Ẹni tó bá ń lo Adaptive pẹ̀lú ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń pa bíìtì ni.

Kí bíìtì má yọ gùn jù lẹ́nu collet, ìyẹn ẹnu spindle tó di bíìtì mú. Bí o bá fi 20 mm yọ síta, tí o wá fi 40 mm yọ, títẹ̀ rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́jọ ló ń dà. Wọn ohun tó yọ gan-an, kí o kọ ọ́ sínú tool library, ìyẹn àkójọ bíìtì inú CAM, kí simulation lè sọ fún ọ bí collet bá máa fara gbo irin.

Ọ̀gá_Lẹ́ẹ̀dì kọ̀wé:

Ọmọ Ògún, o káre láé. Kí n fi kún un: n'ílùú òyìnbó, iná kì í lọ nígbà tí iṣẹ́ bá wà lágbede méjì.

Níbí, ẹ̀rọ á ti ṣe ìṣẹ́jú 50 nínú 59, NẸ́PÀ á mú un. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ kò mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí nígbà tí ẹ bá ń ṣe CAM, kì í ṣe nígbà tí iná bá ti lọ tán.

Ẹ lu ihò kékeré méjì sí etí tábìlì, níbi tí pákó kì í dé, láti inú fáìlì kan náà, kí ẹ sì kọ X àti Y wọn sára ògiri. Bí iná bá dé, ẹ fi bíìtì ẹlẹ́nu ṣónṣó wá ihò àkọ́kọ́, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ ní kó lọ sí ihò kejì. Bí ẹnu bíìtì bá bọ́ sínú ihò yẹn gẹ́lẹ́, X àti Y yín ti padà bọ̀ sípò. Z nìkan ni ẹ óò tún tẹ̀.

Ẹ pín iṣẹ́ gígùn sí fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Dípò odidi òdòdó, ẹ ṣe ìdajì òsì, kí ẹ ṣe ìdajì ọ̀tún. Iná tó bá lọ á ba ìdá kan jẹ́, kò ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gé ìlà tó ti parí kúrò nínú fáìlì kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ dá ìlà òkè padà: G90, G21, G54, S pẹ̀lú M3, ẹ kọ G0 Z15 (bí òkè pákó bá ni òdo), ẹ wá gbé e lọ sí X àti Y ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tó jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú F rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbàgbé M3. Spindle kò yí, tábìlì sì ń rìn. Bíìtì tó dúró gbagidi la pákó bí ẹni tó ń fi ìṣó fa ilẹ̀, títí ó fi ṣẹ́.

Olùkọ́_Ifẹ̀ kọ̀wé:

Àfikún kékeré fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ kékeré tí GRBL ń darí, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sá wá bá mi lórí èyí. Bó bá kọ error:20, àṣẹ kan wà nínú fáìlì tí GRBL kò mọ̀, M6 tó ń pààrọ̀ bíìtì ló sábà máa ń jẹ́. Post ẹ̀rọ mìíràn lẹ yàn. Bó bá kọ error:33, yíyí òbìrí kan ni kò bára mu. Ẹ yan post GRBL, kí ẹ gbé fáìlì jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má fi ọwọ́ pa ìlà náà rẹ́ kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn kọ̀wé:

Mo ti padà dé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Mo gbẹ́ òdòdó náà lórí àjákù igi ọmọ̀. Mo fi òdo sí òkè pákó, mo kọ ọ́ sínú orúkọ fáìlì bí àǹtí ṣe ní kí n ṣe. Mo ṣí Notepad, G21 ni. Z tó jìn jù jẹ́ 11.5, bí mo ṣe fẹ́ nìyẹn. Mo gbẹ́ afẹ́fẹ́ ní 50 mm, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bíìtì máa kọlu kílámpù ọwọ́ ọ̀tún, mo sún un.

Mo fi bíìtì pẹrẹsẹ kó èyí tó pọ̀ kúrò, 14000 àti 2240. Èérún rẹ̀ rí bí gààrí lóòótọ́, kò gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo fi olórí róbótó parí rẹ̀, àlàfo 0.9. Kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú 59, ó gba 71. Kò sí èéfín, kò sí ibi tó dúdú. Etí ewé kan péré ló fà ya, níbi tí ìlà ti dábùú iṣan igi.

Iná lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo lo ihò méjì tí ọ̀gá ní kí n lù. Nígbà tí ẹnu bíìtì bọ́ sínú ihò kejì láìyẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi pariwo.

Oníbàárà tó ni ọ̀gánwó yẹn ti fún mi ní pákó mìíràn. Lọ́la ni mo fẹ́ gé e. Mo ti fi vernier wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 25.1, 25.3, 25.0, 26.4.

Ọ̀gá_Lẹ́ẹ̀dì kọ̀wé:

Igun tó jẹ́ 26.4 yẹn, ṣé ó nípọn ni àbí pákó ló ká? Gbé e sórí tábìlì, kí o tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń mì, ó ká nìyẹn. Dì í mọ́lẹ̀ dáadáa kí o tó tẹ òdo.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìbàdàn kọ̀wé:

Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá, kò mì. Ó nípọn ni. Màá fi bíìtì pẹrẹsẹ fá igun yẹn wálẹ̀ sí 25.3 ní àárọ̀ ọ̀la, kí n tó tẹ Z.